Ẹ̀sùn lórí ìrìnàjò Reno: mẹkáníìkì ni mo sanwó láti rí, ẹ̀yìn wáyà lẹ kó wa sí

Sí ọ̀gá àgbà, àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ti kọ́sítọ́mà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti kọ ọ́ sórí WhatsApp, mo ti pè, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn pé wọ́n ti gbọ́, wọ́n á pè mí padà, kò sẹ́ni tó pè. Ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà. Mo sì kọ ọ́ ní Yorùbá torí Yorùbá lẹ fi polówó fún wa ní Houston, ẹni tó bá fi Yorùbá gbowó lọ́wọ́ èèyàn, ó yẹ kó lè fi Yorùbá gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìrìnàjò eré ìje bàálù Reno ni, ti September 13 sí 17, 2023. Ìpolówó yín ṣì wà lórí fóònù mi. Ẹ ní gbogbo àárọ̀ la máa wọ inú pit, ibi tí wọ́n ń gbé àwọn bàálù ogun àtijọ́ sí tí wọ́n ti ń tún un ṣe, ẹ ní a máa bá àwọn tó ń to ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀ lójúkojú, ẹ ní gáìdì tó mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì máa wà pẹ̀lú wa látàárọ̀ dalẹ́. Torí ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ni mo ṣe sanwó fún èmi àti ọmọ mi. Tó bá jẹ́ ká kàn wo bàálù tó ń fò yípo ni, YouTube wà nílé mi, ọ̀fẹ́ sì ni.

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo kọ́ ní Mushin kí n tó dé Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì lọ́rí ni mo fi mọ sípánà dì mú, títí dòní náà ẹ́ńjìnnì dísù ni mo fi ń jẹun. Ọmọ mi wà ní ilé-ìwé àwọn mẹkáníìkì bàálù. Ẹ wò ó, kò sí bí ẹ ṣe lè fi irú àwa yìí ṣeré lórí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ká má mọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. A dé géètì Stead, pápákọ̀ òfurufú tí wọ́n ti ń sáré náà ní Reno, ọmọbìnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò yẹ báǹdì ọwọ́ wa, ó ní ibi ìjókòó nìkan ni eléyìí, pé pit ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọn ò ra a fún wa. Gáìdì yín ní ká fara balẹ̀, pé àṣìṣe ni, òun á pe ọ́fíìsì. Ó pè, ẹ ò gbé e. Ọjọ́ kejì bákan náà. Ọjọ́ kẹta bọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ tètè gbéra ní hòtẹ́ẹ̀lì, torí ẹ ti lọ bá kasíínò kan ní dàǹtáùn sọ̀rọ̀ pé ẹ máa kó wa wá jẹun àárọ̀ níbẹ̀, oúnjẹ àárọ̀ tó di ọ̀sán, èmi tí mi ò ta tẹ́tẹ́ rí láyé mi ni mo jókòó síwájú ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ tó ń kọrin mọ́ mi lójú, nígbà tí àwọn tí mo tìtorí wọn rìn láti Texas ń ṣí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́. Àárọ̀ ni wọ́n ń ṣe é! Kò sẹ́ni tó ń tú ẹ́ńjìnnì nígbà tí bàálù wà lókè.

Gáìdì yín, ọmọ dáadáa ni, ó mọ àgbà tọ́jú, ó ń bá àwọn ìyá tó wà nínú bọ́ọ̀sì gbé báàgì, mi ò ní í pa irọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ó ní jẹ́ẹ̀tì ni Mustang, bẹ́ẹ̀ bàálù ogun àtijọ́ tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fò ni. Nígbà tí ọmọ mi rọra tún un ṣe, ó ní ó dáa, pé tuntun ni wọ́n ń lọ ra ẹ́ńjìnnì yẹn lọ́dọ̀ Rolls-Royce lọ́dọọdún. Ó tún ní omi ni wọ́n ń rọ sí i dípò epo. Ìgbà tó yá, ọmọ mi ló ń ṣàlàyé fún gbogbo bọ́ọ̀sì, ṣé kí n wá fi bíìlì iṣẹ́ tirẹ̀ náà ránṣẹ́ sí yín?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tẹ́ ẹ tà fún mi tẹ́ ẹ ò mọ iye tó jẹ́. Ẹ́ńjìnnì Merlin tó wà nínú Mustang, Rolls-Royce ní Ìlú Ọba ló gbé e jáde, Packard ní Detroit wá gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ṣe é rẹpẹtẹ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Sílíńdà 12 ló ní, mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì, lítà 27, pọ́ọ̀gì méjì fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, 24 lápapọ̀. Nígbà ogun, 3,000 ni wọ́n ní kó máa yí ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì ní kí sùpáṣájà, ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, ti afẹ́fẹ́ tó ìnṣì 61 (ìnṣì ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ náà) wọ inú rẹ̀ nígbà tó bá ń gbéra. Àwọn tó fi í sáré ní Reno yí i kọjá 3,400, wọ́n ti afẹ́fẹ́ tó ju ìnṣì 130 sí i nínú, agbára ẹṣin tó sì jáde níbẹ̀ ju 3,000 lọ, látinú ẹ́ńjìnnì tí àwọn tó rọ ọ́ fẹ́ kó ṣe bí ìdajì ìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tó ti lé ní àádọ́rin ọdún o. Tókunbọ̀ ni gbogbo ẹ̀, láti orí kíránkì dé orí fáàfù, ẹni tó bá ń wá pátì ẹ̀ a lọ máa wá a nínú ilé ìkẹ́rù àwọn àgbà, a yẹ ọgọ́rùn-ún wò kó tó rí èyí tí kò ní sán.

Ìwọ̀n ìnira yẹn, ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì kó tó yí àkọ́kọ́ nínú àwọn òpó tí wọ́n ń sáré yípo. Epo á máa bú gbàù kó tó tó àsìkò, písítìn á yọ́, kọ́nrọ́ọ̀dù, irin tó so písítìn mọ́ kíránkì, á lu ara ẹ́ńjìnnì jáde síta. Ìyẹn lọ̀rọ̀ omi tí gáìdì yín gbọ́ lápá kan tí kò gbọ́ lápá kejì: omi àti methanol, irú ọtí kan tó ń jó, ni wọ́n pò pọ̀ tí wọ́n ń fọ́n sínú afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, kó lè tutù, kí epo má bàa tètè gbiná. Omi kejì tún wà tí wọ́n ń fọ́n sára rédíétọ̀ látìta. Ta ló ń ṣírò iye tó yẹ kí wọ́n fọ́n? Tó bá kéré, ẹ́ńjìnnì bàjẹ́, tó bá pọ̀ jù, agbára á lọ. Pete Law, ẹnjiníà kọ́ńpìnnì bàálù Lockheed, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ bá lórí ẹ̀. Kọ́nrọ́ọ̀dù ńkọ́? Ti Merlin fúnra rẹ̀ ò gbé e, ni wọ́n bá lọ yọ ti Allison, ẹ́ńjìnnì kọ́ńpìnnì mìíràn pátápátá, wọ́n gbé e wọ inú Merlin. Èmi tí mo ti rí oríṣiríṣi àdápọ̀ ní Mushin, nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn, mo dìde dúró. Mo fẹ́ bi ẹni tó ń ṣe é léèrè bí ó ṣe ń gbé e wọ̀n kí gbogbo ẹ̀ má bàa gbọ̀n. Ìbéèrè mi wà nínú ìwé kékeré kan, mo gbé e lọ, mo gbé e bọ̀, òfìfo ni ibi ìdáhùn.

Àwọn tó mọ eré yìí, orúkọ tí wọ́n á dá fún yín ni Dave Zeuschel, ni Dwight Thorn, àwọn tó to Merlin tí àwọn awakọ̀ fi gba ife. Awakọ̀ ló ń gbé ife sókè, fọ́tò tiẹ̀ ló ń wọ inú ìwé ìròyìn, ó dáa, ẹ̀mí tiẹ̀ ló fi wéwu. Àmọ́ awakọ̀ kan, Lyle Shelton tó kú ní 2010, àwókù bàálù ogun Bearcat ló rà ní Indiana, ẹ́ńjìnnì tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ kọ́ ni òun àti àwọn èèyàn ẹ̀ fi sí i, R-3350 ni, sílíńdà 18, irú èyí tó gbé B-29, bàálù ńlá tó ń ju bọ́ǹbù nígbà ogun, ohun tó di Rare Bear nìyẹn, tó sá máìlì 528.33 ní wákàtí kan ní 1989. Ẹ fọkàn yàwòrán iye òru tí àwọn kan ò sùn kí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ tó lè wọ ara bàálù tí wọn ò ṣe fún un.

Ìyẹn rán mi létí fọ́tò ìpolówó yín. Ẹ kọ "Merlin" sábẹ́ ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú fọ́tò yẹn, sílíńdà ẹ̀ tò yípo bí ìràwọ̀. Kò sí Merlin kankan tó rí bẹ́ẹ̀ láyé yìí. Ẹ yọ ọ́ kúrò jàre.

Ohun kan ṣoṣo tí mo rí, ẹ̀yìn wáyà ni mo ti rí i. Obìnrin kan dúró lórí àtẹ̀gùn kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mustang kan, wọ́n ti ṣí ìbòrí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ó ń yọ pọ́ọ̀gì, kò jù ú sínú kórobá o, ó ní pátákó kan tí wọ́n lu ihò sí tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ìdí ihò kọ̀ọ̀kan, ibi tí pọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ti wá ló ń tò ó sí. Ó gbé ọ̀kan sójú oòrùn, ó yí i díẹ̀díẹ̀, ó pe ọkùnrin àgbàlagbà kan, bàbá yẹn bọ jígí ojú, ó wò ó, ó sì da pátákó yẹn kọjú sí oòrùn, ó wo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọn ò sọ ju gbólóhùn kan lọ. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wá: tí èérún álúmínọ́mù bíńtín bá lẹ̀ mọ́ ẹnu pọ́ọ̀gì, písítìn inú sílíńdà yẹn ti ń yọ́, bàálù yẹn ò gbọdọ̀ lọ sókè. Àmọ́ ṣé wọ́n rí i ni àbí wọn ò rí i? Mi ò lè bi wọ́n. Bí ìgbà tí wọ́n pe èèyàn síbi ìnáwó tó tún ra aṣọ ẹbí, tí wọ́n wá ní kó dúró sẹ́yìn kánópì kó máa gbóòórùn jọ̀lọ́ọ̀fù.

Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi fẹ́ wọlé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní September 16, 2011, ní Stead yìí kan náà, Mustang tí wọ́n ń pè ní Galloping Ghost já wálẹ̀ sáàárín àwọn èrò, awakọ̀ náà, Jimmy Leeward, kú, èèyàn mẹ́wàá mìíràn kú. Àwọn aṣèwádìí ìjọba Amẹ́ríkà sọ ohun tó fà á: nọ́ọ̀tì tó ń di ara ẹ̀ mú kó má tú, tó ti gbó, ó jẹ́ kí ìdè abala kékeré kan ní ìrù bàálù náà tú, abala yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nọ́ọ̀tì o! Gbogbo mẹkáníìkì tó ń ka lẹ́tà yìí ti tún irú nọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ lò rí. Mo fẹ́ kí ọmọ mi dúró níwájú àwọn tó ń di nọ́ọ̀tì bàálù yìí lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kó gbọ́ lẹ́nu wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí, kó tó gba ìwé-ẹ̀rí tí á máa fi ọwọ́ sí bàálù àwọn èèyàn.

Ti ọjọ́ Sunday, mi ò bá yín jà lórí ẹ̀. Nígbà tí bàálù T-6 méjì kọlu ara wọn níbi tí wọ́n ti fẹ́ balẹ̀, tí awakọ̀ méjèèjì kú, tí wọ́n fagi lé eré tó kù, kò sẹ́ni tó lè bèèrè owó ìyẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí Ọlọ́run tu àwọn ẹbí wọn nínú. Àwọn ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀ ni mò ń sọ.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ní ẹ máa fún mi ní ẹ̀dínwó tí mo bá tún bá yín lọ sí Reno lọ́dún tó ń bọ̀. Ta ló ń kọ nǹkan yín fún yín? Ti 2023 yìí ni ìkẹyìn ní Reno, wọ́n ti kéde ẹ̀ káàkiri kẹ́ ẹ tó ta tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin fúnra yín kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìpolówó pé "ìkẹyìn rèé, ẹ má jẹ́ kó kọjá yín". Láti 1964 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Reno, ó ti parí níbẹ̀. Ẹ̀dínwó lọ síbo wá ni?

Mi ò fẹ́ pè é ní gbàjúẹ̀, torí bọ́ọ̀sì wà, hòtẹ́ẹ̀lì wà, ó sì mọ́. Ohun tí mo fẹ́ ò le. Ẹ dá gbogbo owó tẹ́ ẹ kọ sí rìsíìtì pé ó jẹ́ ti pit àti ti gáìdì padà fún èmi àti ọmọ mi, kì í ṣe ìdajì ẹ̀, kì í sì í ṣe fáọ́ṣà. Ẹ fún àwọn tó kù nínú bọ́ọ̀sì náà ní tiwọn, torí àwọn kan nínú wọn ò mọ̀ pé wọ́n san owó pit rárá, wọ́n rò pé ibi ìjókòó ni gbogbo ẹ̀, mo sì ti ń fi rìsíìtì mi hàn wọ́n. Ẹ yọ fọ́tò irọ́ yẹn. Tẹ́ ẹ bá sì tún fẹ́ kó èèyàn lọ síbi eré bàálù lọ́jọ́ mìíràn, ẹ gba mẹkáníìkì ṣe gáìdì, wọ́n pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ní Houston níbí tí wọ́n á ṣe é tọkàntọkàn.

Mo so rìsíìtì, ìpolówó yín, àti fọ́tò báǹdì ọwọ́ wa méjèèjì mọ́ lẹ́tà yìí. Mo ń retí èsì yín kí oṣù yìí tó parí, tí mi ò bá rí i, báǹkì mi ni màá kọ̀wé sí kí wọ́n gba owó náà padà láti orí káàdì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pè, ẹ pè lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ariwo ẹ́ńjìnnì ò ní í jẹ́ kí n gbọ́ fóònù.

Èmi ni,
Kọ́sítọ́mà yín tó jókòó síwájú pátápátá nínú bọ́ọ̀sì, tó ń bèèrè pit láràárọ̀