Ọjà Tí Aláìsàn Kò Lè Ná

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ló ka lẹ́tà dókítà kan sí mi létí nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Dókítà náà ní kí aráàlú yé pariwo owó ọsibítù, pé òwò lòun ń ṣe, òun kì í ṣe ìjọba. Mo ní kí ọmọ tún un kà. Òwò? Ó dáa. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ̀rọ̀ òwò.

Bí oníbàárà bá dé ìsọ̀ mi, yóò tẹ́ aṣọ síta, yóò wò ó bóyá aró rẹ̀ mu dáadáa. Màá pe iye kan, yóò ní ó wọ́n, a ó jọ ná an. Bí kò bá wọ̀, yóò kọrí sí ìsọ̀ kejì, èmi náà yóò sì pè é padà. Bó bá fọ aṣọ délé tí àwọ̀ rẹ̀ ṣí, kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì ló ti dé láti wá bú mi. Òwò nìyẹn. Ta ló ń rọbí tó fẹ́ dìde lọ ná owó iṣẹ́ abẹ wò ní ọsibítù kejì?

Nínú ọyẹ́ tó kọjá ni ìrọbí mú àbúrò mi lóru, ọmọ sì dábùú nínú rẹ̀. Ti ìjọba la kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. La bá gbé e lọ sí ọsibítù aládàáni kan níbí (mi ò ní dárúkọ wọn, ìjà kọ́ ni mo wá jà). Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, wọ́n ní ká san ₦200,000 sílẹ̀ ná. ₦85,000 ló wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Mo pe alájọ wa láago kan òru, Ọlọ́run má jẹ́ kó ráhùn, òun ló fi ìyókù ránṣẹ́. Ní gbogbo àsìkò yẹn, orí bẹ́ńṣì ni àbúrò mi jókòó sí, ó di ìró mi mú, ó ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n ti gbà?"

Wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀. Dókítà yẹn mọṣẹ́, mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ni bíìlì dé. Páálí ìbọ̀wọ́ méjì wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi ni mo lọ ra ìbọ̀wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí géétì wọn. Ohun kan tún wà tí wọ́n pè ní kọnsúmábù, ₦38,500. Mo bi ọmọkùnrin tó ń gba owó pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Màmá, gbogbo ẹ̀ náà ni." Gbogbo kí ni? Bí èmi bá kọ "gbogbo ẹ̀" sínú rìsíìtì oníbàárà, yóò fi aṣọ gbá mi lójú.

Ó ku ₦163,000 tí a kò rí san. Wọ́n ní ìyá àti ọmọ kò ní jáde. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n sì fi dá wọn dúró, owó bẹ́ẹ̀dì ń lọ, ₦7,000 lójúmọ́! Ẹni tí wọn kò jẹ́ kó lọ sílé ni wọ́n tún ń gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà, ₦42,000. Inú wọ́ọ̀dù aboyún yẹn ni mo ti rí i tí gbèsè ń bímọ.

Ibẹ̀ la wà tí ọjọ́ kẹjọ fi pé. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí àbúrò mi sá nápù sí la ti sọ ọmọ lórúkọ. Oyin wà nínú ìdérí ìgò omi, iyọ̀ wà nínú bébà. Orí fóònù ni bàbá ọkọ rẹ̀ ti ń ṣàdúrà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já a lu. Nọ́ọ̀sì kan rọra ti ilẹ̀kùn kí ọ̀gá wọn má bàa gbọ́, ó tọ́ oyin wò, ó fi ₦500 sílẹ̀, ó fún ọmọ ní orúkọ tirẹ̀. Orúkọ tó fún un yẹn ni mò ń pè é títí dòní.

Mo mọ̀ pé nǹkan ò rọrùn fún àwọn dókítà. Dísù wọ́n, oògùn òkè òkun ń bá dọ́là gòkè, GSK gan-an, ilé-iṣẹ́ oògùn ńlá láti òkèèrè, kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Nàìjíríà ní 2023, àwọn nọ́ọ̀sì ń japa. Sódà àti aró tí èmi ń rà náà ń bá dọ́là gòkè. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má jèrè. Ṣùgbọ́n òfin wà. Ọmọ mi wá a jáde fún mi: Òfin Ìlera ti ọdún 2014, abala 20, ó ní ọsibítù kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, nítorí ohunkóhun. Ẹni tó bá ṣe é, ìtanràn ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Mo rẹ́rìn-ín. Ìtanràn náà kò ju ìdajì owó tí wọ́n ní ká san sílẹ̀ lọ!

Èyí sì ń ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, níbi tí Fada Coquard ti dá ọsibítù Láńtòrò sílẹ̀ ní 1895. Ìlú tí Olikoye Ransome-Kuti ti ṣẹ̀ wá, ẹni tó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 dé 1992, tó ní kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò. Ilé ìlera àdúgbò tiwa rèé, bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, àgádágodo ni.

Wọ́n ní adójútòfò ìlera ti di dandan láti 2022, ìpínlẹ̀ Ògùn náà sì ní àjọ tirẹ̀ tó ń bójú tó o. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì dé ìsọ̀ mi rí. Ojoojúmọ́ ni alájọ ń gba ọjà kọjá, òjò ń rọ̀ o, oòrùn ń mú o, tòun ti káàdì àti bírò lọ́wọ́. Kí ìjọba fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, a ó san án. Ṣé Ẹ̀gbá tó mọ àáró láti ayé Lísàbí ni wọn yóò kọ́ ní bí a ṣe ń dá owó jọ?

Ní ti dókítà tó kọ̀wé, kí wọ́n kọ iye owó sí pátákó lẹ́nu géétì, kí wọ́n sì máa ṣírò bíìlì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ń wá àdìrẹ, kí wọ́n béèrè Ìyá Alàdìrẹ ní Ìtòkú. Màá pe iye kan fún wọn, wọn yóò ní ó wọ́n.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Alàdìrẹ,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta.