Àmì ìdọ̀tí lára ẹ̀ṣọ́

Bọ́lájí ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ẹ̀rín pa mí níbi tí o ti bèèrè pé ṣé sẹ́ẹ̀lì ara wa ò ní ẹ̀ṣọ́ ni, tí fáírọ́ọ̀sì fi ń wọlé bó ṣe wù ú. Ó ní o. Wọ́n tilẹ̀ pọ̀. Ohun tójú wọn ń rí ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Purotéènì kékeré kan wà tó ń jẹ́ ubiquitin, ásíìdì amino (àwọn ègé tí wọ́n fi ń kọ́ purotéènì) 76 péré ló wà nínú rẹ̀. Tí purotéènì kan bá ti gbó tàbí tó bàjẹ́, sẹ́ẹ̀lì á lẹ ubiquitin mọ́ ọn lára, á tún lẹ òmíràn mọ́ ìyẹn, títí á fi gùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Proteasome, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gé purotéènì wẹ́wẹ́, á rí àmì náà, ó parí fún onítọ̀hún nìyẹn. Iṣẹ́ yìí ni Aaron Ciechanover, Avram Hershko àti Irwin Rose fi gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2004.

Ibẹ̀ gan-an ni HIV ti rí àyè. Purotéènì kan tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ wà nínú sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wa, APOBEC3G lorúkọ rẹ̀, ọdún 2002 ni wọ́n sì tó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Kì í bá HIV jà lójúkojú. Ńṣe ló máa ń yọ́ wọnú fáírọ́ọ̀sì tuntun tó fẹ́ jáde lọ, tí ìyẹn bá dé sẹ́ẹ̀lì mìíràn, tó ń da jíìnì rẹ̀ kọ sí DNA, ẹ̀ṣọ́ yìí á máa yí C, ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà tí wọ́n fi kọ jíìnì, padà sí U, títí ìwé náà ò fi ní ṣeé kà mọ́.

Ṣùgbọ́n HIV ní purotéènì tirẹ̀ kan tó ń jẹ́ Vif. Vif fúnra rẹ̀ ò léyín, alárinà lásán ni. Á di APOBEC3G mú lápá kan, á fa àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lẹ ubiquitin wá lápá kejì, bí ẹni ń sọ pé, "Ìdọ̀tí rèé, ẹ gbé e." Wọn ò ní bèèrè ohun kan, wọ́n á lẹ àmì mọ́ ọn. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ikú ilé, ó mọ ohun tó ń sọ.

Mo fojú ara mi rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lórí fíìmù tí a fi ń wo purotéènì (ilà dúdú ló ń fi hàn pé APOBEC3G wà), níbi tí APOBEC3G dá wà, ilà dúdú kan là gbàrà. Níbi tí a ti fi Vif kún un, funfun báláú, bí ẹni pé nǹkan kan ò débẹ̀ rí. Ibi kẹta ni mo tẹjú mọ́: Vif wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti fi kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ MG132 dí proteasome lẹ́nu. Ilà náà padà wá! Mo sáré pe ọ̀gá mi, ó ní gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ń rí i bẹ́ẹ̀. Kò dùn mọ́ mi rárá.

HIV nìkan kọ́ ló mọ ọgbọ́n yìí o. HPV, fáírọ́ọ̀sì tó ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, ń fi purotéènì rẹ̀ E6 ṣe p53, purotéènì wa tó ń dènà jẹjẹrẹ, bẹ́ẹ̀. Kòrónà ní tirẹ̀ ń yọ àmì ni: purotéènì rẹ̀ PLpro ń gé ubiquitin àti ISG15, àmì mìíràn tó jọ ubiquitin, kúrò lára àwọn purotéènì tó yẹ kó pariwo olè. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu tó ti Vif.

Mo mọ̀ pé wàá bèèrè: kí ló dé tí a ò kàn fi MG132 wo HIV? Sẹ́ẹ̀lì tí mo fún un, nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, wọ́n ti kú. Ìdọ̀tí tiwọn náà ò ríbi gbà jáde. Vif ló yẹ ká já kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́, kò sì tíì sí oògùn tó ń ṣe ìyẹn lọ́wọ́ àwọn dókítà.

Kọ̀wé padà, kí o sọ ibi tí kò ti yé ọ.

Èmi ni tìrẹ,
Délé