Òpó ẹ̀jẹ̀ tó kù ńkọ́?

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn jàre. Nígbà tí heart attack mú bàbá mi, wọ́n ki stent, ìyẹn túùbù kékeré tó ń jẹ́ kí òpó ẹ̀jẹ̀ ṣí sílẹ̀, bọ òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn ẹ̀ tó dí pa, ọkàn wa balẹ̀, a kó ẹrù wa lọlé, kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé òpó kejì náà ti fún, ìgbà tá a padà lọ ni dókítà míì fi fọ́tò ẹ̀ hàn mí lójú kọ̀ǹpútà, ibì kan tín-ín-rín bí òwú. Inú bí mi gan-an!

Ìwádìí kan wà tí wọ́n ń pè ní COMPLETE, ó jáde ní 2019, aláìsàn 4,041 ló wà níbẹ̀. Láàárín bí ọdún 3, nínú àwọn tí wọ́n ṣí gbogbo òpó tó fún fún, 7.8 nínú 100 ni àrùn ọkàn pa tàbí tí heart attack tún mú, ti àwọn tí wọ́n ṣí ẹyọ kan péré fún jẹ́ 10.5. Kò sì di dandan kó jẹ́ ọjọ́ kan náà, wọ́n lè padà wá ṣe èyí tó kù láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn o, ẹni tí ọkàn ẹ̀ ti dákú débi pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wálẹ̀ pátápátá, ṣíṣí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà léwu, ìwádìí míì tí wọ́n ń pè ní CULPRIT-SHOCK ti fi hàn bẹ́ẹ̀ ní 2017. Ìyẹn yé mi.

Èyí tí ò yé mi ni kí wọ́n dákẹ́. Ṣé ó pọ̀ jù kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé èyí la ṣí, èyí ló kù?