Ta Ni Yóò Ka Ìṣísẹ̀ Bí Iná Bá Lọ?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Kafíńtà ni mí ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Iṣẹ́ àga àti ilẹ̀kùn ni mo fi tọ́ ọmọ. Láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ti ń fọwọ́ ara mi to ẹ̀rọ CNC kan sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí, tó ń gbẹ́ igi bí a bá ṣe fa ìlà fún un. Kì í ṣe òun ni mo fi ń jẹun. Ìfẹ́ ló gbé mi dé ìdí rẹ̀, ọpọ́n ayò ni mo sì máa ń fi gbẹ́ jù.

Lẹ́nu oṣù mélòó kan yìí, ọ̀dọ́ mẹ́rin ló ti wá bá mi pé àwọn náà fẹ́ to tiwọn. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: "Bàbá, mọ́tò wo ni kí n rà?" Méjì nínú wọn ti rà á kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó dùn mí gan-an, nítorí owó tí wọ́n rọra ń kó jọ ni wọ́n ná. Ìbéèrè mìíràn ló yẹ kó ṣáájú: ta ni ń ka ìṣísẹ̀ mọ́tò náà, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ sí iye tó ti kà bí iná bá lọ?

Mọ́tò tí à ń lò sí irú ẹ̀rọ yìí, tí wọ́n ń pè ní stepper, kì í yí bíi ti fáànù. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé, 200 ìṣísẹ̀ ló sì sábà máa ń wà nínú yíyípo kan. Kò lójú. Ohun tó ń darí rẹ̀ náà kò rí i. Ó kàn ń sọ fún un pé "gbé ẹsẹ̀, gbé ẹsẹ̀", ó sì ń ka iye rẹ̀ sínú. Ó dà bí afọ́jú tó mọ̀ pé ogójì ìṣísẹ̀ ni láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga. Bí ẹnìkan bá dì í mú lójú ọ̀nà tí kò lè rìn, ṣùgbọ́n tí ó ń kà á lọ lẹ́nu, ogójì á pé, kò sì ní bá ara rẹ̀ nídìí kànga.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Mo gbé pákó àpá kan sórí ẹ̀rọ. Ọdún méje ló fi gbẹ lábẹ́ àjà ilé mi. Ihò méjìlá ni mo fẹ́ gbẹ́ sí i, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún. Ihò kẹsàn-án ló ń parí lọ́wọ́ nígbà tí iná ṣẹ́jú. Kò ju bí ẹni sín lẹ́ẹ̀mejì lọ. Router tó ń gbẹ́ igi dákẹ́, àwọn mọ́tò sì rọ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì ni láápútọ́ọ̀pù mi ń lò, wáyà USB láápútọ́ọ̀pù náà sì ni Arduino, pátákó kékeré tó ń ka ìṣísẹ̀ fún mọ́tò, ń mu iná láti ara rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò mọ̀ pé iná lọ. Wọ́n ń kà á lọ ni. Iná dé, router bú ramúramù, ẹ̀rọ sì bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Kí n tó fi ọwọ́ kan súwíìṣì, ihò kẹwàá ti jẹ wọ inú ìkẹsàn-án. Etí tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó wà láàárín wọn ti di ìyẹ̀fun pupa lórí tábìlì. Mo jókòó ti pákó náà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ iná ló bá mi wá ọ̀nà sí i. A ra relay kékeré kan tó ń jẹ iná 220, ìyẹn súwíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń ṣí tó sì ń pa dé, a so ó mọ́ ojú iná kan náà tó ń bọ́ mọ́tò. Bí iná bá wà, ẹnu relay náà á yà. Bí iná bá lọ, ẹnu rẹ̀ á pa dé, á sì so ojú tí wọ́n kọ A0 sí lára Arduino mọ́ GND, ojú òdo iná rẹ̀. Lọ́dọ̀ GRBL, sọ́fítíwíà inú Arduino tó ń darí ẹ̀rọ mi, àṣẹ pé kó dúró lójú ẹsẹ̀ nìyẹn. Á dúró, á sì gbé ALARM 3 jáde, tó túmọ̀ sí pé nígbà tí òun ń rìn lọ́wọ́ ni wọ́n dá òun dúró, òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ nípa ibi tí òun wà. Mo fẹ́ràn òótọ́ yẹn lẹ́nu ẹ̀rọ. (Iná 220 kò gbọdọ̀ fara kan ti Arduino rárá. Ẹni tí kò bá mọ̀ nípa iná, kó pe oníṣẹ́ iná.)

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń fún un ní àṣẹ $H, pé kó padà sílé. Ẹ̀rọ á rìn lọ fọwọ́ kan súwíìṣì tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á mọ̀ pé òun ti délé. Ibi tí igi ti bẹ̀rẹ̀ ti wà nínú ohun tí wọ́n ń pè ní G54, GRBL sì ń tọ́jú rẹ̀ bí iná tilẹ̀ kú pátápátá. Nítorí náà, láti ilé, ó mọ ọ̀nà padà sídìí igi. Mo wá pín iṣẹ́ ọpọ́n kan sí fáìlì méjìlá, ihò kan, fáìlì kan. Bí iná bá lọ nísinsìnyí, ihò kan péré ni mo máa tún bẹ̀rẹ̀. Súwíìṣì mẹ́ta yẹn ni mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n rà ṣáájú mọ́tò, wọn kì í sì fẹ́ gbọ́, nítorí pé ohun kékeré ni lójú.

Ó wá kan sọ́fítíwíà tó ń darí ẹ̀rọ. Mach3 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà àlòkù kan tó ní ihò gbọọrọ onípín-ínnì 25 lẹ́yìn, irú èyí tí à ń ki ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bọ̀ láyé àtijọ́. Ẹni tó tà á fún mi ló da Mach3 sínú rẹ̀, àdàkọ ni, kò sanwó fún ẹni tó ṣe é. Nígbà tí kọ̀ǹpútà náà kú, mo wá ihò gbọọrọ yẹn lára àwọn tuntun tì. Ọ̀nà tí Mach3 ń gbà lo ihò náà kò sì ṣiṣẹ́ lórí Windows 64-bit. N kò bu Mach3 kù, iṣẹ́ tó dára púpọ̀ ni àwọn èèyàn ti fi ṣe káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lónìí kò yẹ kó so ara rẹ̀ mọ́ ihò tó ti kúrò lára kọ̀ǹpútà, kò sì yẹ kó jí iṣẹ́ oníṣẹ́ nígbà tí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ wà nílẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni GRBL. Simen Svale Skogsrud, ọmọ ilẹ̀ Norway, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2009, Sonny Jeon sì gbé e dé ibi gíga lẹ́yìn rẹ̀. Arduino Uno, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ló ń gbé e. Kọ̀ǹpútà kàn ń fún un ní ìlà àṣẹ ni, òun fúnra rẹ̀ ló ń ka ìṣísẹ̀, tó 30,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láápútọ́ọ̀pù tó ti gbó lè bá a ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Ọ̀nà mẹ́ta péré ló ń darí, ìyẹn sì tó fún ọpọ́n ayò àti ilẹ̀kùn.

LinuxCNC náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní NIST ni gbòǹgbò rẹ̀ ti wá. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló máa ń kà, ó sì lè gba ìròyìn padà láti ara mọ́tò tó lójú. Ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rọ lathe gé ojú sukúrúù, tó sì ní iná tó dúró, kó lọ síbẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ yọ láápútọ́ọ̀pù kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà pátápátá, sọ́fítíwíà FluidNC wà, tó ń ṣiṣẹ́ lórí ESP32, pátákó kékeré mìíràn bíi Arduino, tó sì lè ka fáìlì láti inú káàdì SD. Bí ó bá jẹ́ pé òní ni mo ń bẹ̀rẹ̀, òun ni mo máa mú, torí pé bí iná bá lọ, gbogbo wọn á jọ kú pọ̀ ni, kò ní sí ẹni tí yóò máa dá kà.

Kí á tó dé orí mọ́tò, ẹ wo ọ̀pá tó ń yí. Tèmi ni 1605: mìlímítà 16 ni ó nípọn, bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, á gbé tábìlì lọ ní mìlímítà 5. Mo to driver mi, ìyẹn àpótí kékeré tó ń fi iná bọ́ mọ́tò, sí ìdá mẹ́jọ, pé kó pín ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí mẹ́jọ, nítorí náà 200 ìṣísẹ̀ di 1,600 nínú yíyípo kan. Ẹ pín 1,600 sí ọ̀nà 5, ó di 320 fún mìlímítà kan. Iye yẹn ni mo kọ sí $100, $101 àti $102, àyè tí GRBL ń tọ́jú rẹ̀ sí fún ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ wá pín 30,000 tí Uno lè kà sí ọ̀nà 320, ó lé díẹ̀ ní mìlímítà 93 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan. N kì í tilẹ̀ lo ìdajì rẹ̀ nínú igi àpá. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ yẹn to tirẹ̀ sí ìdá méjìlélọ́gbọ̀n, ó ní bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ á ṣe dán. Ó di 1,280 fún mìlímítà kan, Uno kò sì lè kọjá mìlímítà 23 láàárín ìṣẹ́jú àáyá mọ́. Ó rò pé mọ́tò òun ni kò lágbára, ó ti fẹ́ lọ ra òmíràn. A yí àwọn súwíìṣì kékeré tó wà lára driver rẹ̀, a tún iye inú GRBL kọ, ọ̀rọ̀ parí.

Mọ́tò wá kàn. Iye 23 tó wà nínú NEMA 23, orúkọ ìwọ̀n tí wọ́n ń pe mọ́tò, kì í ṣe agbára. Fífẹ̀ ojú rẹ̀ ni, bíi ínǹṣì 2.3, nǹkan bíi mìlímítà 57 sí 58. Gígùn rẹ̀ àti iná tó ń jẹ ni kí ẹ wò. Bí stepper bá ṣe ń sáré sí i ni agbára rẹ̀ ń dínkù, iná tí fọ́ọ̀tì rẹ̀ ga ló sì ń ràn án lọ́wọ́. Driver DM542 pẹ̀lú iná fọ́ọ̀tì 36 ni mo fi ń bọ́ tèmi. Mo bẹ yín, ẹ má ṣe yọ wáyà mọ́tò lára driver nígbà tí iná bá wà lórí rẹ̀, ó ń pa driver ni. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí wáyà router àti wáyà súwíìṣì jọ gba inú páìpù kan. Oṣù kan gbáko ni mo fi wá ìdí tí ẹ̀rọ mi fi ń dúró lójijì kí n tó rí i pé ibẹ̀ ni.

Olóòtú, mo bẹ̀ yín, ẹ fún irú ọ̀rọ̀ yìí láyè nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin yẹn gbọ́ èdè òyìnbó, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ afọ́jú àti kànga ni ojú wọn là. Èyí tó ti ra mọ́tò, kó má ṣe tà á. Kó gbé e wá ní ọ̀sán Sátidé, a ó jọ ka ìṣísẹ̀ rẹ̀.

Èmi ni tiyín tòótọ́,
Kafíńtà kan ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn