Ọwọ́ rẹ lórí kọ̀ǹpútà mi

Òmù-Àrán,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú òtútù Kánádà o. Àlàáfíà la wà, Màmá sì ní kí n kí ọ. Ìwé ọ̀rọ̀ Ìgbómìnà wa ti dé ojú ewé 40, ọpẹ́lọpẹ́ ìwọ lálẹ́ àná, àti VNC, áàpù tó jẹ́ kí o ti ọ̀nà jíjìn rí ojú kọ̀ǹpútà mi, kí o sì máa darí rẹ̀.

Nígbà tí ọfà máòsì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú kọ̀ǹpútà mi tí mi ò fọwọ́ kàn án, tí mo sì mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ni, omi lé ròrò sójú mi. Ọdún mẹ́fà rèé tí a ti jókòó ti ara wa kẹ́yìn. O dé ibi tí mo kọ “ògbó”, àdá tí wọ́n ní ó mọ̀nà fún àwọn baba wa, o dúró. O ò pa á rẹ́. O kàn ń yí ọfà ká a títí mo fi rí àmì orí rẹ̀ tí mo gbàgbé. Àlàyé orí fóònù wo ni ì bá yé mi tó bẹ́ẹ̀?

Ẹnìkẹta wa nínú iṣẹ́ yìí ní Ìlọrin náà ń wò ó láti Tánkẹ. Àwọn oníwádìí kan ní Cambridge ló ṣe VNC yìí, wọ́n sì gbé e jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1998. Ibi tó bá yí padà lójú kọ̀ǹpútà nìkan ló ń fi ránṣẹ́, ìdí nìyẹn tí dátà mi ò fi jó tán. Ìgbà tí ẹ ṣí àwọn àwòrán ọjà yẹn nìkan ló ń fà. Ẹ jẹ́ ká fi àwòrán sílẹ̀ ná.

Àmì abẹ́ ẹ àti ọ kì í wọlé dáadáa tí o bá tẹ̀ ẹ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ. Jẹ́ kí n máa tẹ ọ̀rọ̀, kí ìwọ máa to àtẹ. Ẹni tó bá sì fẹ́ gba máòsì, kó kọ́kọ́ wí, torí tí ẹni mẹ́ta bá ń fà á, kò sẹ́ni tó máa ríṣẹ́ ṣe.

Mo yí páásíwọ́ọ̀dù padà lẹ́yìn tí o lọ. Má bínú, kì í ṣe ìwọ ni mo ń sá fún. Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan pe ẹ̀gbọ́n mi, ó ní báńkì ni òun ti ń pè, kó gbé irú áàpù báyìí sórí fóònù, kó ka nọ́ńbà tó bá jáde fún òun. Ká tó wí ká tó fọ̀, owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ti lọ. Ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí. Tí a bá tún fẹ́ ṣiṣẹ́, màá pè ọ́, màá sọ tuntun sí ọ létí.

Ọjọ́ Ẹtì ńkọ́, aago mẹ́sàn-án alẹ́ tiwa, tí iná bá wà? Àwọn ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà GB bẹ̀rẹ̀ ló kàn. Màmá ní òun á jókòó tì mí, òun á máa pè wọ́n bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n nígbà èwe òun.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.