Ó yẹ kí olùkọ́ kìlọ̀ kó tó kọ́ni
Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ní ọdún 2016, Yunifásítì Chicago kọ̀wé sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun pé àwọn kò fara mọ́ ìkìlọ̀ ṣáájú ẹ̀kọ́ tó lè ba ni lọ́kàn jẹ́. Èmi ò gbà. Ẹni tí wọ́n ti fipá bá lò pọ̀ rí jókòó sí kíláàsì, wọ́n ṣàdédé ń ka irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ sókè: àyà rẹ̀ ń já, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Gbólóhùn kan látẹnu olùkọ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú ì bá ti jẹ́ kó múra ọkàn sílẹ̀. N ò ní kí wọ́n yọ ìwé kankan kúrò o. Kí wọ́n kà á, kí wọ́n jiyàn lé e lórí, ṣùgbọ́n kí olùkọ́ kọ́kọ́ sọ ohun tó ń bọ̀.

Èmi ni,
Olùkọ́ kan