Àsàbí, má jẹ́ kí ọmọ náà dákẹ́

Pákátà, Ìlọrin.

Àsàbí ọmọ mi,

Àsàlámù aleikun. Nímọ̀tá, ọmọ yàrá kejì, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Ẹnu tèmi ni, ọwọ́ tirẹ̀ ni. Wàá gbọ́ ìdí rẹ̀ níwájú.

Ara wa le. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún, síbẹ̀ kò gbà kó má lọ sọ́jà Ìpàtà. Òwú tún ti gbówó lórí. Ti owó oṣù méjì tí a ò rí, mi ò tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Bí kò bá sí, kò sí náà ni. Ṣùgbọ́n kí n pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà kí o má gbé fóònù, èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ nírú ìwà yẹn.

Ẹni tó ti Èkó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá sọ fún mi pé Mùbárákì tún kíláàsì kẹta ṣe. Ó ní ẹgba kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ tí ẹ bá ti jókòó ti iṣẹ́ àṣetiléwá, àti pé o ń sọ pé wàá mú un wá kó wá kọ́ òfì lọ́dọ̀ mi, torí orí rẹ̀ ò gbàwé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Ó ní bí wọ́n bá ti gbé ìwé síwájú rẹ̀ báyìí, ńṣe ló máa ń dákẹ́. Ibẹ̀ ni àyà mi ti já. Kíláàsì tó tún ṣe ò bà mí lẹ́rù. Dídákẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù.

O kéré nígbà ti Ràṣídì ẹ̀gbọ́n rẹ. Lọ́jọ́ kan, mo ní kó kọ "baba" sára síléètì fún mi. Ó ti ahọ́n bọ àárín eyín, òógùn yọ sí i nímú, ó rọra kọ ọ́, ó sì gbé e fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Dada" ló kọ. Mo gbá a létí. Ó ní, "Ẹ tún un wò, Bàbá, baba náà ni." Àsàbí, baba náà ló rí lójú tirẹ̀. Nílé kéwú, kò mọ báù yàtọ̀ sí táù, àmì kéékèèké tí wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ máa ń dàrú mọ́ ọn lójú. Ṣùgbọ́n bí álífáà bá ti ń ké e sétí rẹ̀, ó ti há a sórí. Kò tíì pé ọdún mọ́kànlá tó fi ń ké Yásìn láìwo nǹkan kan. Mo rí ìyẹn, mo tún pè é ní olódo níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo yọ ọ́ nílé ìwé ní kíláàsì kẹrin. Ó jókòó sídìí òfì, àrà tó bá rí lára aṣọ lẹ́ẹ̀kan, ó ti hun ún. Àmọ́ kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. "Ẹ̀n, Bàbá." "Rárá, Bàbá." Títí ó fi bá ọkọ̀ lọ sí Kòtónù. Ó ti di ọdún 22. Ó máa ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ pẹ́. Èmi, ó ń kí mi.

Lóṣù tó kọjá, olùkọ́ obìnrin kan wá hun aṣọ ìgbéyàwó lọ́dọ̀ mi. Ó kàwé ní Ọ̀yọ́, nílé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ń kọ́ ọmọ tó nílò àkànṣe àbójútó. Mo ro ọ̀rọ̀ Ràṣídì fún un bí ẹni ń ro ọ̀rọ̀ ọmọ ẹlòmíì. Ó ní dyslexia ni wọ́n ń pè é, ìyẹn kí ìwé kíkà àti kíkọ máa ni ọmọ tí orí rẹ̀ pé lára, pé dókítà ojú ará Jámánì kan, Rudolf Berlin, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ní 1896, dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ Pringle Morgan kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọdún 14 kan, Percy. Orí ọmọ náà pé, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò kọ orúkọ ara rẹ̀, "Precy" ló kọ, kò sì mọ̀ pé òun ṣì í. Olùkọ́ rẹ̀ ní bó bá jẹ́ pé ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, òun ni ì bá mọ̀wé jù nílé ìwé náà. Mo dá ọ̀kọ̀ dúró, mo ní kó tún un sọ. Wọn ò tíì bí bàbá mi nígbà tí òyìnbó yẹn ti ń ròyìn Ràṣídì!

Ó ní kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àfiṣe, kì í ṣe àìgbọ́n. Ó ní bí ọpọlọ ṣe ń gbá ìró inú ọ̀rọ̀ mú, tó ń so ó mọ́ lẹ́tà, ni kò rí bákan náà lára gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà ló wá ní ó máa ń tọ ìdílé.

Àsàbí, èmi náà kò mọ̀wé kà. Ọdún márùn-ún ni mo fi lọ sílé ìwé. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé èsì ìdánwò wá, tí mo ń sọ pé awò ojú mi ti fọ́, kò fọ́. Àpò mi ló wà. Ohun tó wà lára mi ni mo ń tìtorí ẹ̀ na ọmọ mi. Ìwọ tí o yege ìdánwò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ta ló kọ́ ọ pé ẹgba ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níwèé? Èmi ni. Mo bẹ̀ ọ́, gbàgbé ẹ̀kọ́ yẹn.

Mú un lọ kí wọ́n yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò ná, kó má lọ jẹ́ pé ibẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, wá olùkọ́ tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Nílé, Yorùbá ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, torí bí a ṣe ń pè é la ṣe ń kọ ọ́; Gẹ̀ẹ́sì a máa kọ ọ̀kan, a máa pe òmíràn. Da iyanrìn sínú àwo. Kó fi ìka kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, kí ẹnu máa pe ìró rẹ̀ bí ìka ṣe ń lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Kó tó rẹ̀ ẹ́ ni kí ẹ dìde. Àwọn ìwé tó kù, ìwọ ni kó o kà á sí i létí, kó fẹnu dáhùn. Lọ bẹ olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ kó fi àkókò kún ti ìdánwò rẹ̀, kó má sì ní kó dìde kàwé lójú gbogbo ènìyàn. Ojú gbogbo ènìyàn ni Ràṣídì ti kọ́kọ́ dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ò ní lọ bí ibà, olùkọ́ tó wá hun aṣọ yẹn ò parọ́ fún mi. Ó ní wọ́n á mọ̀ ọ́n kà, á kàn pẹ́ ni.

Òfì kì í ṣe ìyà. Òfì ló tọ́ ọ. Mi ò kàn fẹ́ kó di ibi tí a ń ju ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sú wa sí, bí mo ṣe fi í ṣe nígbà kan. Tó bá fẹ́ wá lo họlidé, kó wá.

Nímọ̀tá bá mi ká ohùn ránṣẹ́ sí Ràṣídì lórí WhatsApp lánàá. Mo tọrọ àforíjì. Nímọ̀tá fi hàn mí pé ó ti gbọ́ ọ. Kò tíì fèsì.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, màá pè. Gbé e. Fún Mùbárákì ní fóònù, kí o sì jáde nínú yàrá. Kó sọ ohun tó bá wù ú, kódà kó jẹ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Màá gbọ́.

Bàbá rẹ ni.